Kí ló dé tí ẹ̀fọ́rí fi ń mọ aago? Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa hòmóònù ojoojúmọ́ àti àìsàn ẹ̀fọ́rí

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń bá fínra ló mọ̀ pé kì í kàn dé bó ṣe wù ú. Ó ní wákàtí tí ó máa ń kanlẹ̀kùn. Èmi náà ti bá máígíréènì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní túúlu, gbé fún ọdún pípẹ́, ó sì dùn mí pé ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní aago mélòó ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn aláìsàn àti ará ilé wọn sábà máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni hòmóònù, kí sì ló pa á pọ̀ mọ́ aago?

Hòmóònù jẹ́ oje ajíṣẹ́ tí àwọn ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ wo cortisol, tí ó ń ti ara ẹ̀yà kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín wá: ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní ìdájí kí a tó lajú, ó tún máa ń fò sókè sí i láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn tí a bá jí, lẹ́yìn èyí ni yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kéré jù lọ ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru.

Melatonin ń rìn ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀yà kan tí kò tóbi ju hóró kan lọ láàárín ọpọlọ ni ó ń tú u jáde. Aaron Lerner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Yale ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1958. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní nǹkan bí wákàtí 2 kí oorun tó máa ń kun ènìyàn, ó ń dé òkè téńté láàárín òru, ìmọ́lẹ̀ sì ń lé e lọ. Hòmóònù tí ń mú ara dàgbà máa ń tú jáde lọ́pọ̀ nínú oorun ìjìkà àkọ́kọ́ alẹ́, prolactin, hòmóònù tí ń mú omi ọmú wá, sì máa ń pọ̀ sí i nígbà tí a bá ń sùn.

Ta ló ń darí aago yìí?

Ìdì kékeré kan ni, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tó nǹkan bí 20,000, tí ó wà nínú apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, lókè ibi tí iṣan ìríran méjèèjì ti pàdé tí wọ́n sì kọjá ara wọn. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi àìròtẹ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ojú tí olórí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti fi ríran, bí kò ṣe láti sọ fún aago yìí bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ó ti ṣú. Bí a bá ti ènìyàn mọ́ ibi tí kò ti lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, aago náà kò ní dúró. Yóò kàn máa fi díẹ̀díẹ̀ ṣìnà, nítorí pé ìyípo rẹ̀ fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ.

Ọgbọ́n pé ohun abẹ̀mí ní aago ti ara rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé irú ewéko tí a ń pè ní patanmọ́ sínú òkùnkùn, ó sì rí i pé ewé rẹ̀ ṣì ń ṣí ní ìgbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀sán, ó sì ń pa dé nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ alẹ́. Ní ọdún 2017 ni wọ́n fún Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ní ẹ̀bùn Nobel, nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí àwọn jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí aago náà. A wá mọ̀ báyìí pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ní aago tirẹ̀. Ti inú ọpọlọ ni olórí tí ń mú kí gbogbo wọn jọ rìn pọ̀.

Kí ló wá kan ẹ̀fọ́rí nínú gbogbo èyí?

Hypothalamus tí aago jókòó sí ní ọ̀nà tààrà sí ibi tí ọpọlọ ti ń gba ìròyìn ìrora láti ojú, iwájú orí àti awọ tí ó bo ọpọlọ. Nítorí náà, ilé kan náà ni ẹni tí ń pín hòmóònù, ẹni tí ń pe oorun àti ẹni tí ó lè ṣí tàbí ti ilẹ̀kùn ìrora jọ ń gbé.

Ní ọdún 1998, dókítà ọpọlọ Arne May àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tí ẹ̀fọ́rí kílọ́sítà, irú tí ń mú àyíká ojú kan kíkan, mú lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé apá ẹ̀yìn hypothalamus ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ní ọdún 2016, òun àti olùwádìí Laura Schulte ń ya àwòrán ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní máígíréènì; ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà á fún 30 ọjọ́. Ohun tí wọ́n rí wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ: hypothalamus ti yí ìṣe rẹ̀ padà kí ìrora tó dé rárá. Èyí bá ohun tí àwọn aláìsàn ti ń sọ tipẹ́ mu, pé ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrora ni àwọn ti ń yán láìsinmi, tí ọrùn ń le, tí inú ń bí wọn láìnídìí, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, tàbí tí ọkàn wọn ń fà sí oúnjẹ kan pàtó. Ẹ̀fọ́rí ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Orí ni kò tíì fọ́.

Irú ẹ̀fọ́rí wo ló ń tẹ̀lé aago jù lọ?

Ẹ̀fọ́rí kílọ́sítà ni, kò sì sí èyí tí ó sún mọ́ ọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ènìyàn ni ó ń ṣe, ó sì wọ́pọ̀ láàárín ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń mú, ní àyíká ojú tàbí ẹ̀bátí, fún ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 3, ó sì lè padà wá títí dé ìgbà 8 lójúmọ́. Ojú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á pọ́n, á máa da omi, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ihò imú ẹ̀gbẹ́ náà á dí.

Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó sùn ní aago 11 alẹ́. Ní aago 1 òru ó lé díẹ̀, ó fò dìde bí ẹni tí a fi irin gbígbóná gún lẹ́yìn ojú. Kò lè dùbúlẹ̀, kò lè jókòó. Ó ń rìn láti ògiri dé ògiri, ó ń fi ọwọ́ tẹ ojú rẹ̀, ó sì lè máa fi orí gbá ògiri. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó lọ bí ìgbà tí a pa iná. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún dé. Báyìí ni yóò máa rí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò pòórá fún oṣù púpọ̀, bóyá kí ó tún padà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ará ilé tí kò mọ̀ á máa rò pé ọ̀rọ̀ náà ní ọwọ́ ayé nínú. Mi ò bá wọn wí, nítorí pé ohun tí ń dé ní wákàtí kan náà lóru máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n aago inú ọpọlọ ni ó wà nídìí rẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan ṣa àwọn ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ìdá 71 nínú 100 àwọn tí ó ní ẹ̀fọ́rí kílọ́sítà ni tiwọn ń tẹ̀lé wákàtí, àti ìdajì àwọn tí ó ní máígíréènì. Wọ́n tún rí i pé melatonin kéré, cortisol sì pọ̀, lára àwọn tí ó ní kílọ́sítà.

Máígíréènì mi máa ń dé ní àárọ̀. Ṣé cortisol tí ó ń gòkè ló ń fà á?

Máígíréènì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní túúlu tàbí akọ ẹ̀fọ́rí: ìrora tí ń lù kìkì, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹ̀gbẹ́ kan, fún wákàtí 4 sí 72, pẹ̀lú èébì tàbí ìkórìíra ìmọ́lẹ̀ àti ariwo. Ní ti wákàtí rẹ̀, ọ̀sán ni ó ti wọ́pọ̀ jù; láàárín aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ ni ó kéré jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń jí bá a.

Mi ò ní fẹ́ kí ẹ di ẹ̀bi náà ru cortisol nìkan. Ohun púpọ̀ ló jọ ń ṣẹlẹ̀ ní ìdájí: melatonin ń lọ, cortisol ń bọ̀, oògùn ìrora tí a lò ní alẹ́ ti tán lára, ẹni tí kofí ti mọ́ lára kò sì tíì mu ún láti ọjọ́ tí ó kọjá. Àwọn kan wà tí èémí wọn máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ léraléra lójú oorun, tí wọ́n ń han-run kíkan. Wọ́n á jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí tí ń lọ láàárín wákàtí 4, ìtọ́jú ti irú wọn sì yàtọ̀ gedegbe. Nítorí náà, wákàtí nìkan kò tó láti mọ ìdí, ó kàn ń sọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni.

Pé aago fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kò sí iyèméjì lórí èyí. Ní ọdún 2013, wọ́n rí àwọn ìdílé kan tí àṣìṣe wà nínú ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí ń yí aago ara. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ máa ń tètè sùn gan-an, wọ́n máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, máígíréènì sì ń bá wọn jà.

Mo ti kọjá ẹni 50 ọdún, ẹ̀fọ́rí sì ń jí mi ní wákàtí kan náà lóru. Kí ni èyí?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀fọ́rí ajíni-lójú-oorun, tí Neil Raskin ṣàpèjúwe ní ọdún 1988. Lójú oorun nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, ó sì ń wà fún ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 4 lẹ́yìn tí a bá ti jí. Ó yani lẹ́nu pé ife kofí kan kí a tó sùn wà lára ohun tí ó máa ń dènà rẹ̀, àwọn aláìsàn kan sì sọ pé kò dí oorun wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kofí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé iwájú dókítà, nítorí pé àwọn àìsàn mìíràn tí ó léwu lè jọ ọ́.

Ṣé kí n máa lo melatonin?

Àwọn ìwádìí kò fẹnu kò. Ní ọdún 1996, Massimo Leone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fún ènìyàn 10 tí kílọ́sítà ń bá jà ní melatonin mílígíráàmù 10 ní alẹ́, wọ́n sì fún 10 mìíràn ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ara 5 nínú àwọn tí ó lo melatonin yá, kò sí ìyípadà lára àwọn yòókù. Ìwádìí kékeré ni. Fún máígíréènì, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2016 rí i pé mílígíráàmù 3 ní alẹ́ dín iye ọjọ́ ẹ̀fọ́rí kù ju oògùn tí kò ní nǹkan nínú lọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 pẹ̀lú mílígíráàmù 2, irú tí ń tú jáde díẹ̀díẹ̀, kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí aláìsàn bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, pàápàá ẹni tí oorun rẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀. Kí aboyún, ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì má ṣe dá a lò fúnra wọn. Wákàtí tí a lò ó sì ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀: melatonin tí a lò ní àárọ̀ lè ti aago síbi tí a kò fẹ́.

Hòmóònù obìnrin ńkọ́?

Ti oṣooṣù ni ìyẹn, kì í ṣe ti ojoojúmọ́, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí estrogen bá já wálẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé, máígíréènì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú títí dé ọjọ́ kẹta rẹ̀. Ìdí nìyí tí obìnrin tí ń kọ wákàtí sílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ nǹkan oṣù pẹ̀lú, kí aago méjèèjì má baà dàpọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Ṣé ó lè dá kún un?

Ó lè dá kún un. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru lónìí tí ó sì sùn lóru ọ̀la ń sọ fún aago pé ìwọ̀-oòrùn ti di ìlà-oòrùn, hòmóònù kò sì lè yí padà láàárín ọjọ́ kan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n to iṣẹ́ òru yín pọ̀ sójú kan dípò kí ó máa yí lójoojúmọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí yàrá tí ẹ ń sùn lọ́sàn-án ṣókùnkùn dáadáa. Àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ òru náà ń ṣe irú rẹ̀ láìmọ̀, nígbà tí wọ́n bá jí ní aago 5 láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n wá sùn di aago 10 ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀fọ́rí ọjọ́ ìsinmi tí ọ̀pọ̀ ń ráhùn lé lórí sábà máa ń ti ibẹ̀ wá.

Ohun tí mo rí pé ó wúlò jù ni wákàtí ìjí kan ṣoṣo fún ọjọ́ méjèèje. Wákàtí tí a ó sùn ṣòro láti pàṣẹ fún, ti ìjí rọrùn díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a jáde síta gba ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, kí a dín iná àti ojú fóònù kù ní alẹ́, kí a má fo oúnjẹ, kí a sì má mu kofí lẹ́yìn ọ̀sán, nítorí pé lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5 ni ìdajì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lára.

Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò hòmóònù nínú ẹ̀jẹ̀?

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, kò pọn dandan. Iye cortisol tí a yẹ̀ wò láìkọ wákàtí tí a fa ẹ̀jẹ̀ náà kò ní ìtumọ̀, nítorí pé èyí tí ó dára ní aago 8 àárọ̀ lè jẹ́ àmì àìsàn ní ọ̀gànjọ́ òru. Ó yàtọ̀ bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró láìsí oyún, bí omi ọmú bá ń jáde lára ẹni tí kò tọ́mọ, bí ojú bá ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́, tàbí bí ara bá ń sanra tàbí ń rù láìnídìí. Nígbà náà, dókítà yóò fẹ́ mọ prolactin, hòmóònù ọ̀fun àti bóyá cortisol.

Ǹjẹ́ ìtọ́jú wà fún kílọ́sítà tí ń jíni lóru?

Ó wà. Ọ́síjìn tí kò ní àbùlà, lítà 12 ní ìṣẹ́jú kan, tí a fà símú fún ìṣẹ́jú 15, máa ń pa ìrora náà fún ọ̀pọ̀. Abẹ́rẹ́ sumatriptan mílígíráàmù 6 náà ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí ó ní àrùn ọkàn. Verapamil ni wọ́n sábà ń fi dènà rẹ̀, dókítà yóò sì máa yẹ bí ọkàn ṣe ń lù wò. Kí verapamil tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, wọ́n lè fi prednisone dí àlàfo náà fún ọjọ́ díẹ̀. Prednisone jẹ́ ìbátan cortisol, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ lè fa àìsùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lò tàbí kí ó já a sílẹ̀ lójijì.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí n dúró ka wákàtí?

Bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì bí ààrá tí ó sì le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan; bí ibà àti ọrùn líle bá bá a rìn; bí ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ẹnu bá rọ; bí ó bá tẹ̀lé ìforígbá; bí ó bá ń le sí i lójoojúmọ́ pẹ̀lú èébì àárọ̀; bí àgbàlagbà bá ní ìrora ní àgbọ̀n nígbà tí ó ń jẹun tàbí tí orí ń dùn ún bí ó bá ya irun; tàbí bí ó bá ń ṣe aboyún. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Dókítà mi kò béèrè wákàtí rí. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ fún un?

Ẹ ra ìwé pélébé kan, kí ẹ so bíírò mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kì í ṣe inú àpò tí ẹ ó ti máa wá a. Lójú ìrora, kò sí ẹni tí ó lè kọ ìtàn. Aago tí ó bẹ̀rẹ̀, aago tí ó lọ, ẹ̀gbẹ́ tí ó mú, aago tí ẹ sùn, aago tí ẹ jí, oògùn tí ẹ lò, ó tán. Ẹ ka ọjọ́ oògùn pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó ń lo oògùn ìrora lásán fún ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí triptan (ìdílé oògùn tí sumatriptan wà nínú rẹ̀) fún ọjọ́ 10, fún ohun tí ó ju oṣù 3 lọ, lè ti máa fi oògùn náà ṣe ẹ̀fọ́rí tuntun fún ara rẹ̀.

Oṣù kan tàbí méjì ti tó láti rí bí ó ṣe ń rìn. Nígbà tí mo ṣí tèmi síwájú dókítà, ìlà kan ló kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí, ìlà tí mo ti kọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfura: "Aago 5:40 ìdájí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo ti ń yán láti ìrọ̀lẹ́ àná."